NiMH, LiPo àbí LiFe: Bátìrì Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Onírìmóòtù Yín?

Ẹni tó bá fẹ́ ra bátìrì fún ọkọ̀ onírìmóòtù ìwọ̀n 1/10 (ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi) máa rí orúkọ mẹ́ta lórí àtẹ: NiMH, tó jẹ́ ti nickel, àti LiPo àti LiFe, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti lithium. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè wọ inú ọkọ̀ kan náà, fóòtì (V) wọn kò sì jìnnà síra. Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn mú èyí tí wọ́n gbọ́ pé ó ń sáré jù. Ṣùgbọ́n eré kọ́ ni olórí ìyàtọ̀ wọn. Ohun tó yà wọ́n ni bí wọ́n ṣe ń gba iná, bí wọ́n ṣe ń darúgbó, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé wọn sídìí ṣájà tàbí sínú ọkọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo bátìrì rárá, ẹ wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni ESC inú ọkọ̀ yín, ìyẹn àpótí kékeré tó ń bu iná bátìrì fún motor bí ìka yín bá ṣe tẹ rìmóòtù tó. Ìkejì ni ṣájà tó wà nílé. Bí ESC kò bá mọ bí a ṣe ń dá LiPo dúró kó tó gbẹ, tí ẹ kò sì ní aláàmù tó máa kìlọ̀ fún yín, tàbí tí ṣájà kò ní ibi tí ẹ ti lè yan LiPo, owó tí ẹ fi ra LiPo ti wọ omi kí ọkọ̀ tó gbéra.

| | NiMH (sẹ́ẹ̀lì 6) | LiPo 2S | LiFe 2S |
|---|---|---|---|
| Fóòtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ | 7.2 V | 7.4 V | 6.6 V |
| Fóòtì tó bá kún | nǹkan bí 8.4–8.7 V | 8.4 V | 7.2 V |
| Ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró | 5.4 V | 6.6–7.0 V | 5.6 V |
| Iye ìgbà tó ń gba ṣáàjì kó tó gbó | 300–500 | 150–300 | 1000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ |
| Bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ | kí iná díẹ̀ wà nínú rẹ̀ | 3.80–3.85 V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan | nǹkan bí ìdajì |
| Bí ó bá bàjẹ́ | ó máa ń gbóná, ó lè ṣomi | ó ń wú, ó lè gbaná | ó lè wú, ó ṣòro kó gbaná |

Lẹ́tà S ni iye sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so tẹ̀ léra: 2S ni méjì, 3S ni mẹ́ta. Iye ìgbà ṣáàjì tó wà lókè yìí jẹ́ ti bátìrì tí wọ́n tọ́jú dáadáa. LiPo tí wọ́n ń lò ní ìlòkulò kì í pé 50.

NiMH: ó wúwo, àmọ́ ó ń fara dà á

Òun ló máa ń bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá nínú páálí. Traxxas Slash tó ní ESC XL-5 ti pẹ́ tó ti ń jáde pẹ̀lú NiMH oní-sẹ́ẹ̀lì méje, 8.4 V, 3000 mAh (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú). Oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, 7.2 V, ni Tamiya TT-02 ń lò. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan rí roboto, 1.2 V ni, ó ga tó nǹkan bí 43 mm, ó sì fẹ̀ tó 23 mm. Tí bátìrì náà bá jẹ́ 5000 mAh, ó máa ń wúwo ju 400 g lọ.

Agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí eré bá já wálẹ̀ pátápátá, ẹ pa ọkọ̀ náà. Ẹ má ṣe sọ pé kó yí ìyípo kan sí i. Ìdí ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà kì í lágbára dọ́gba. Èyí tó kéré jù á kọ́kọ́ gbẹ, àwọn márùn-ún tó kù á wá máa ti iná gba inú rẹ̀ kọjá sódì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti tó láti ba sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ pátápátá, láti ọjọ́ yẹn lọ ni 7.2 V yín á ti máa ṣe bí 6 V.

Ṣájà kékeré tó bá ọkọ̀ wá nínú páálí ni ìṣòro NiMH gan-an. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìgbà tí bátìrì kún. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣírò: ẹ pín mAh bátìrì sí mA tí wọ́n kọ sára ṣájà, kí ẹ sì fi 1.4 sọ ọ́ di púpọ̀. Bátìrì 3000 mAh lórí ṣájà 300 mA jẹ́ wákàtí 14. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ síbì kan, torí pé bí NEPA bá mú iná lọ lẹ́yìn wákàtí 6, tó dá a padà lẹ́yìn wákàtí 3, kò sí ẹni tó máa rántí ibi tó dé. Èyí tó tún burú ni ṣájà alágogo, tó ń ka wákàtí fúnra rẹ̀: tí iná bá lọ tó sì dé, á bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo, bátìrì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún á sì tún gba odindi ṣáàjì mìíràn lé e. Lọ́nà yìí ni ọ̀pọ̀ NiMH ṣe ń kú nílé wa, kì í ṣe pé bátìrì náà kò dáa.

Ṣájà tó gbọ́n ń ṣọ́ fóòtì. Bí NiMH bá ti ń kún, fóòtì rẹ̀ ń gòkè. Tó bá kún tán, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, fóòtì á sì tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bíi 3 sí 5 mV fún sẹ́ẹ̀lì kan. Ìtẹ̀wálẹ̀ yẹn ni ṣájà ń wá. Bí iná tí ẹ fi ń ṣáàjì bá kéré jù, ìtẹ̀wálẹ̀ náà kò ní hàn, ṣájà kò sì ní dúró. Nítorí náà, fún 3000 mAh, ẹ lo 1.5 A sí 3 A. Bátìrì tó bá pẹ́ nílẹ̀ lè tan ṣájà jẹ: á sọ pé òun ti kún lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kàn tún un bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tó bá kún. Tó bá gbóná débi pé ẹ kò lè dì í mú, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì dín A kù nígbà míì.

Tó bá sì jẹ́ pé ó gbẹ débi pé ṣájà kọ̀ ọ́, tó ń sọ pé kò sí bátìrì níbẹ̀, ẹ fi iná kékeré jí i: ìdá kan nínú mẹ́wàá mAh rẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn 0.3 A fún 3000 mAh, kí ẹ sì wà nítòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣáàjì rẹ̀ bó ṣe yẹ. Púpọ̀ ló máa ń jí. Ẹ má dán irú èyí wò lórí LiPo láé.

NiMH lásán máa ń pàdánù ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún iná rẹ̀ láàárín oṣù kan tí kò ṣiṣẹ́. Àwọn irú Eneloop, tí Sanyo gbé jáde ní 2005, ń pa tiwọn mọ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ẹ kò bá lò, ẹ máa ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì méjì. Bátìrì tuntun kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn títí dìgbà tó bá ti kún tó sì ti gbẹ bíi ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ má tètè dá a padà fún ọlọ́jà.

LiPo: ó fúyẹ́, ó lágbára, kì í dárí jini

LiPo 2S 5000 mAh oníkòkó líle, ìyẹn èyí tí ike líle bo ara rẹ̀, máa ń wà láàárín 250 g sí 300 g. Fóòtì rẹ̀ ń dúró ṣinṣin fún ọ̀pọ̀ jù lọ àsìkò tí ẹ fi ń wa ọkọ̀, lẹ́yìn náà á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjálulẹ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Sẹ́ẹ̀lì tó kún jẹ́ 4.20 V, tó bá ti dé 3.0 V, ó ti dé etí kànga. Tó bá wá gbẹ kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa, bàbà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi kẹ́míkà. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún ṣáàjì rẹ̀, bàbà náà á lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, ó sì lè so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bátìrì pọ̀ láti inú. Bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbaná lórí ṣájà.

ESC tó mọ LiPo máa ń dín agbára kù tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá sún mọ́ nǹkan bí 3.2 V. Lára XL-5, iná kékeré ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́: àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ìṣọ́ náà wà lẹ́nu iṣẹ́, pupa túmọ̀ sí pé kò sí. Tí ẹ bá rí pupa tí LiPo sì wà nínú ọkọ̀, ẹ má gbéra. Tó bá wá jẹ́ pé NiMH ni ẹ fi sí i, ẹ yí i sí pupa, torí pé fóòtì NiMH máa ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹ bá tẹ iná, ESC á sì rò pé ó ti gbẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àròpọ̀ fóòtì ni ọ̀pọ̀ ESC ń wò, kì í wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. 6.4 V lè jẹ́ 3.2 àti 3.2, ó sì lè jẹ́ 3.5 àti 2.9. Ẹ ra aláàmù kékeré tó ń wọ ẹnu wáyà funfun tín-ín-rín tó wà lára LiPo, ẹ fi sí 3.5 V. Kò wọ́n, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí ESC rẹ̀ kò ní ìṣọ́ rárá, aláàmù yìí nìkan ló lè gbà á. Bó bá ti dún tí ẹ ò tẹ iná le, ẹ mú ọkọ̀ wálé.

*Ohun tó wà lára ìwé rẹ̀.* 5000 mAh ni ìwọ̀n iná inú rẹ̀. 50C ni iye ìgbà ìwọ̀n yẹn tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan: 5 A lọ́nà 50, ìyẹn 250 A. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni irọ́ pọ̀ sí jù. Wáyà tó jáde lára rẹ̀ pàápàá kò lè gbé 250 A fún ìgbà pípẹ́. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ni ẹ̀rí tó dára jù: bí bátìrì méjì bá jọ ń sọ pé àwọn jẹ́ 2S 5000 mAh, tí ọ̀kan jẹ́ 270 g tí èkejì jẹ́ 190 g, èyí tó fúyẹ́ ló ń parọ́. Fún ọkọ̀ 1/10, 5000 mAh tí wọ́n kọ 40C tàbí 50C sí, láti ọwọ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, ti tó.

Ẹ wọn ibi tí bátìrì ń jókòó kí ẹ tó sanwó. Oníkòkó líle tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 139 × 47 × 25 mm. Èyí kúkurú jẹ́ 96 × 47 × 25 mm. Àwọn ọkọ̀ kan, pàápàá Tamiya àtijọ́, ní ibùjókòó tó rí roboto nísàlẹ̀ nítorí NiMH, bátìrì onígun mẹ́rin kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ wá LiPo tí igun rẹ̀ rí roboto. Ẹ má sì ra oníkòkó rírọ̀ fún ọkọ̀ ilẹ̀. Òkúta kan tó bá ta lù ú ti tó láti gún un.

*2S àbí 3S?* Ìṣirò rẹ̀ kò le. Motor tí wọ́n kọ 3300 kV sí lára máa ń yí tó 3300 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì kọ̀ọ̀kan. Lórí 7.4 V, ó jẹ́ 24,420, lórí 11.1 V, ó jẹ́ 36,630. Ìdajì ló fi lé sí i, ooru náà sì ń lé. Ẹ fi 3S sí i kìkì tí ìwé ESC bá kọ 3S, kí motor jẹ́ èyí tí kò ní bọ́rọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì fi jíà kékeré sẹ́nu motor. Motor oní-bọ́rọ́ọ̀ṣì bíi Titan 12T tó máa ń wà nínú Slash á jó bọ́rọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kíákíá lórí 3S. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ dúró, ẹ kán omi kan sára motor: tó bá hó ṣàà, ó ti lé ní 100 °C, jíà yín ti tóbi jù. Fún ọkọ̀ tó ń sáré láàárín àdúgbò, 2S ti tó. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra 3S, ẹ fi ra bátìrì 2S kejì.

*Ní ìsọ̀.* Ẹ mú mítà tó ń wọn fóòtì lọ. LiPo tuntun máa ń dé láti ilé iṣẹ́ ní nǹkan bí 3.8 V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì méjì kò gbọ́dọ̀ ju 0.03 V lọ. Èyí tó bá wà lábẹ́ 3.0 V ti pẹ́ lórí àtẹ, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ̀dínwó rẹ̀ bá tiẹ̀ tó ìdajì. Ẹ gbé e lé orí gíláàsì: tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ikùn rẹ̀ ti ń yọ. Bátìrì tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ ní kó fi hàn yín lórí ṣájà tó ń ka resistance inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dènà iná tó. 5000 mAh tuntun tó dáa kì í ju bíi 2 sí 5 milliohm lọ fún sẹ́ẹ̀lì kan. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 4 tí èkejì jẹ́ 15, ẹ padà sílé.

*Ṣáàjì rẹ̀.* Ṣájà tó bá ní LiPo Balance, tó ń mú kí fóòtì àwọn sẹ́ẹ̀lì dọ́gba, ni ẹ máa lò. SkyRC iMAX B6 ló gbajúmọ̀ jù, ayédèrú rẹ̀ náà sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bí tiyín bá jẹ́ ayédèrú, ẹ fi mítà wọn sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn tó bá sọ pé ó ti kún: 4.20 V ló yẹ kí ẹ rí. 4.25 V túmọ̀ sí pé ṣájà náà ń pa bátìrì yín díẹ̀díẹ̀.

1. Ẹ so wáyà ńlá méjèèjì, lẹ́yìn náà ẹ so ẹnu funfun: wáyà mẹ́ta ni fún 2S, mẹ́rin fún 3S.
2. Ẹ yan LiPo Balance, kí ẹ sì rí i pé iye S tí ṣájà kà bá ti ara bátìrì mu. Bí ó bá ka 1S fún bátìrì 2S, ẹ má tẹ̀ síwájú.
3. Ẹ fi A sí ìwọ̀n mAh tí ẹ bá pín in sí 1000: 5000 mAh jẹ́ 5 A, 3300 mAh jẹ́ 3.3 A. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè gba 3C, ẹ má tẹ̀ lé e àfi tí ìkánjú bá wà.
4. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wà níbi tí ojú yín ti lè tó o.

Agbára ṣájà náà níye. 5 A lọ́nà 8.4 V jẹ́ 42 W, ṣájà 50 W á gbé e. Fún 3S, 5 A lọ́nà 12.6 V jẹ́ 63 W. Ṣájà 50 W yẹn kò ní ju bíi 4 A lọ, ó kàn máa pẹ́ ni. iMAX B6 tí kò ní ẹnu NEPA ń gba 11 sí 18 V, èyí sì wúlò gan-an níbi tí iná kò ti dúró: ẹ lè so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ ńlá tàbí bátìrì ínfátà 12 V. Yóò máa fà tó nǹkan bí 4 sí 5 A fún wákàtí kan, bátìrì ọkọ̀ tó lera kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣáàjì lọ́nà yìí sàn ju ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ lọ.

Ibi tí ẹ ti máa ṣe é: orí símẹ́ǹtì tàbí táìsì, láàárín ìkòkò amọ̀ tí kò ní omi, kí korobá yanrìn gbígbẹ wà nítòsí. Ẹ má ṣe é lórí kápẹ́ẹ̀tì, lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, ẹ má sì lọ sùn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ yọ ṣájà kúrò lára iná, ẹ da yanrìn lé e, kí gbogbo èèyàn sì jáde. Èéfín rẹ̀ ní oró, ẹ má fà á símú. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ọkọ̀ jáde, ẹ jẹ́ kó tutù tó bí ọwọ́ yín kó tó lọ sórí ṣájà.

*Bó bá fẹ́ sùn.* LiPo tó kún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá tó gbóná lè wú, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Tí ẹ kò bá ní lò ó láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ yan Storage lórí ṣájà, á mú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wá sí 3.80–3.85 V, yálà nípa kíkún tàbí nípa gbígbẹ. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá tó wà lóòrùn. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní ìsopọ̀ mọ́ ESC, bí ẹ bá tiẹ̀ ti pa á: ESC tí ẹ pa ṣì ń fà díẹ̀, bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè gbẹ LiPo kọjá ibi tí àtúnṣe wà.

Àwọn ará wa ní Manchester tàbí Chicago ní ìṣòro òdìkejì. Nínú òtútù, resistance inú LiPo ń pọ̀ sí i, ọkọ̀ á rọ, ESC á sì tètè ké pé ó gbẹ. Ẹ gbé bátìrì náà sínú àpò ẹ̀wù títí dìgbà tí ẹ fẹ́ lò ó, ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù nini. Lábẹ́ 0 °C, ṣáàjì ń bà á jẹ́ láti inú.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wálé nínú bàálù, ọwọ́ ló máa fi gbé e, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù. Ẹ fi téèpù lé ẹnu wáyà rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú láílọ́ọ̀nù tirẹ̀. Òfin bàálù gbà tó 100 Wh láìsí ìyọ̀ǹda pàtàkì: ẹ fi V sọ mAh di púpọ̀, kí ẹ sì pín in sí 1000. 2S 5000 mAh jẹ́ 37 Wh, 3S jẹ́ 55.5 Wh, 4S jẹ́ 74 Wh. 4S 7000 mAh ti jẹ́ 103.6 Wh, ìyẹn ti nílò pé kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù.

LiFe: ọmọlúwàbí tí kò sáré

Tamiya fúnra rẹ̀ ń ta LiFe 6.6 V pẹ̀lú àmì LF, ó sì bá àwọn ọkọ̀ rẹ̀ mu dáadáa. Ó pẹ́ láyé ju àwọn tó kù lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní kíkún, kò sì tètè gbaná. Eré rẹ̀ kéré, iná inú rẹ̀ náà kéré fún ìwọ̀n kan náà: 2S tó bá ibùjókòó NiMH mu sábà máa ń wà ní nǹkan bí 2000 mAh.

Ewu rẹ̀ tó tóbi jù, ọwọ́ ẹni tó ń ṣáàjì rẹ̀ ló wà: kí ó fi LiPo sórí ṣájà dípò LiFe. Á ti 8.4 V sínú ohun tó kún ní 7.2 V. Ẹ fi téèpù aláwọ̀ míì wé e kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má ṣì í mú.

Ọ̀rọ̀ kékeré lórí 18650

Àwọn ọkọ̀ oníṣeré olówó pọ́ọ́kú ń lo sẹ́ẹ̀lì lithium roboto méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 18650. Ìyẹn dáa fún wọn. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ tú bátìrì láptọ́ọ̀pù, kí ẹ so méjì pọ̀, kí ẹ fi sínú ọkọ̀ 1/10. Wọ́n ṣe sẹ́ẹ̀lì láptọ́ọ̀pù fún bíi 5 A. Ọkọ̀ yín á fẹ́ 20 A tó bá gbéra, lọ́gán ni á gbóná. Èyí tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára, ẹ má dá a lóhùn: sẹ́ẹ̀lì 18650 tó dáa tí a sábà ń rí rà kò ju bíi 3500 mAh lọ.

Ẹnu wáyà

Ẹnu funfun Tamiya ni èyí tó burú jù. Lókè bíi 15 A, ó ń gbóná, àwọ̀ rẹ̀ á di búráùn, á sì yọ́ mọ́ra wọn. XT60 lè gbé tó 60 A, kò wọ́n, ó sì ṣòro láti so ó sódì. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gé wáyà *kan* ṣoṣo, ẹ jó o pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì, ẹ fi rọ́bà bò ó, kí ẹ tó gé èkejì. Sísọ́ọ̀sì tó bá gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà á dá iná sílẹ̀ lójú ẹni. Ẹ lo áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, 60 W sí 80 W. 30 W tí àwọn atúnfóònù ṣe ń lò kò ní lè mú wáyà nípọn gbóná, ẹ á sì pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé ike á yọ́. Ẹ fi akọ XT60 sínú abo rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jó o, kí irin inú rẹ̀ má baà tẹ̀.

Èwo ni kí ẹ wá mú?

Ọmọdé tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀: NiMH 3000 mAh méjì, pẹ̀lú ṣájà tó ń dúró fúnra rẹ̀. Tamiya tí motor rẹ̀ jẹ́ 540 oní-bọ́rọ́ọ̀ṣì lásán, tí ẹ sì ń fẹ́ kó pẹ́: LiFe, bí ẹ bá rí i rà. Àgbàlagbà tó lè fi mítà wo bátìrì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: LiPo 2S 5000 mAh oníkòkó líle, aláàmù, ṣájà 50 W. Tí owó bá kéré, ẹ ra ṣájà gidi kí ẹ fi NiMH bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe LiPo gidi pẹ̀lú ṣájà ayédèrú.

Kí ẹ lè mọ bí ìgbádùn ṣe máa pẹ́ tó, ẹ fi 60 sọ Ah di púpọ̀, kí ẹ pín in sí A tí ọkọ̀ ń jẹ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. 3000 mAh lórí motor tó ń jẹ 12 A jẹ́ ìṣẹ́jú 15. 5000 mAh lórí èyí tó ń jẹ 20 A náà jẹ́ 15. Lórí LiPo, ẹ dúró ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìṣẹ́jú 12.

LiPo tó ti wú

Ẹ má gún un láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ má sì jù ú sínú ààtàn. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń sọ káàkiri kò ṣeé gbára lé: ó lè jẹ irin ẹnu wáyà tán kí iná inú sẹ́ẹ̀lì tó tán. Ẹ lọ sọ́dọ̀ rewáyà, kí ẹ ra gílóòbù búréèkì ọkọ̀, 12 V 21 W. Ẹ jó wáyà méjì mọ́ ọn, ẹ so ó mọ́ bátìrì náà níta, lórí símẹ́ǹtì, jìnnà sí ògiri. Á máa fa díẹ̀ lé ní 1 A lórí 2S, gílóòbù náà á sì gbóná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mítà bá ka òdo, ẹ gé wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi téèpù bo ẹnu wọn, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba ẹ̀rọ iná tó ti bàjẹ́. Èyí tó bá ti ya, tàbí tó ń rùn bíi ohun tí wọ́n fi ń kun èékánná, ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn. Inú garawa yanrìn, níta gbangba, ni kó wà títí wọ́n á fi wá gbé e.